Ìwọ̀n Aṣọ Lára Ògiri

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìpọ̀nrí, aṣọ ni ìyá mi ń rán. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á rò pé inú ìwé ló ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Rárá o, ara ògiri ni. Bó bá ti wọn èèyàn tán, á mú ṣọ́ọ̀kì, á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: èjìká, àyà, ìbàdí. Ọ̀gá ilé ìwé tó ń gbéṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù fún wa ti bá a sọ ọ́ títí pé, "Àǹtí, ẹ ra ìwé." Ìyá mi á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ògiri kì í rìn." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, a lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ká tó dé, onílé ti kun gbogbo yàrá ní ọ̀dà funfun nítorí ọdún Iléyá. Ó rò pé òun ṣe wá lóore ni. Gbogbo ìwọ̀n tó wà lára ògiri ti pa rẹ́. Ìyá mi ò sunkún, ó kàn ń fọwọ́ pa ògiri náà. Yunifọ́ọ̀mù odindi ilé ìwé wà nílẹ̀ tí a ò tíì rán, àwọn ọmọ sì ti lọ lo ìsinmi, kò sí bó ṣe fẹ́ tún wọn wọ̀n. Ló bá ń fojú díwọ̀n.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọlé, aṣọ fún ẹlòmíì pa, ó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì. Ọ̀gá ilé ìwé gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá mi, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn oníbàárà yòókù gbọ́, wọ́n wá kó aṣọ wọn. Àwọn ọmọṣẹ́ tó máa ń kọrin lórí ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́ bá tiwọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku èmi àti ìyá mi. Ìdákẹ́jẹ́ ilé yẹn bà mí lẹ́rù ju ebi lọ.

Ayé ti wá lajú. Ọmọ mi tó wà lókè òkun ra aṣọ fún mi lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Wọ́n ní ìwọ̀n mi wà nínú kọ̀ǹpútà. Aṣọ dé, èèyàn méjì bíi tèmi á gba inú rẹ̀. Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin kan gbé e.

"Ẹ má bínú, Mà. Ìwọ̀n ẹlòmíì ló wà lábẹ́ orúkọ yín. Gbogbo ẹ̀ ló ti dàrú mọ́ra, àwọn oníbàárà ti ń sá fún wa. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wọn yín nílé, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ó dáa.

Téèpù wà nílé, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀. Láyé ijọ́un, ilé kì í ṣàì ní ẹni tí á báni di etí téèpù kejì mú. Èmi nìkan ló kù nílé báyìí. Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí, mi ò tíì fi ìwọ̀n kankan ránṣẹ́.