Ọfà Tó Dúró Jẹ́ẹ́

Mi ò lè rí kọ̀ǹpútà kí n má rántí obìnrin tó gba yàrá iwájú lọ́dọ̀ mi nítòsí Takie nílùú wa. Linux, ètò kan tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ló wà lórí tirẹ̀. Ó máa ń fi gba fídíò ohun tó bá ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kó lè fi kọ́ni. Láyé tiwa ní yunifásítì, ojú olùkọ́ là ń wò. Ti obìnrin yìí, ọfà kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà lèèyàn ń rí, á sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ kú ìjókòó o."

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀yọ́ ní kó fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ó kù díẹ̀ kó parí rẹ̀ ni mo wọlé. Ló bá fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ láìdá fídíò náà dúró, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ṣé èrò ò pọ̀ jù l'Ọ́jà Igbó?"

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti bà á jẹ́! Gé ibẹ̀ kúrò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí n gé ìkíni, Bàbá? Tí wọn ò bá fẹ́ olùkọ́ tó ń kí èèyàn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

Wọ́n gbà á. Ó ti kó lọ sí Ọ̀yọ́, àmọ́ fídíò náà wà lórí fóònù mi. Tó bá dé ibi tí ọfà náà dúró jẹ́ẹ́, mo mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Ó tó, dìde nílẹ̀."