Ohùn Màmá nínú Rédíò

Bí rédíò bá han gooro nítorí pé ẹni tó pe ètò ò pa tirẹ̀, ilé wa ní Ṣàngótẹ̀dó ni mo máa ń rántí.

Bàbá fẹ́ kí àwọn àgbà nìkan máa pín ilẹ̀ ẹbí. Àbúrò wọn fẹ́ kí ọ̀dọ́ dá sí i. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ní irú wọn ò gbọdọ̀ jọ jẹun mọ́. Bàbá àti àbúrò wọn ya abọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá fi fóònù pe ètò ọkùnrin náà láti yàrá, ohùn wọn sì jáde nínú rédíò: "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa fọ abọ́ kejì?"

Mo pàtẹ́wọ́.

Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba Màmá lọ́jọ́ náà pé ilé wa máa tú.

Àbúrò Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá sọ fún un pé, "Alátùn-únṣe, wá jẹun."

Wọ́n jiyàn títí abọ́ kan ṣoṣo náà fi ṣófo.