Ọjọ́ Tí Sikirínì Mọ́nsúrù Ṣókùnkùn

Awakọ̀ tírélà ni Mọ́nsúrù tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń kẹ́rù láti Ibafo lọ sí òkè Ọya, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí dókítà sì kìlọ̀ fún un pé bí ó bá tún jókòó sídìí ọkọ̀ ńlá, ó lè má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Ni ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta bá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya pílánù ilé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Rosemary, tíṣà kọ̀ǹpútà kan ní Mowe, ló kọ́ ọ fún ọdún kan ààbọ̀.

Ilé Mọ́láyọ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbé fún un. Opó ni Mọ́láyọ̀, nọ́ọ̀sì ni, ó sì ra ilẹ̀ sí Ọ̀fàdà. Àwọn bíríkìlà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ lọ́la, nítorí náà aago méjì ọ̀sán òní ló fẹ́ wá wo àwòrán ilé náà lórí kọ̀ǹpútà Mọ́nsúrù kó sì gba pílánù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ̀hún ń wọ́ bí ìgbín. Qudrah ọmọ Mọ́nsúrù ti fi káàdì gíráfíìsì ránṣẹ́ sí i, ìyẹn ẹ̀yà tó ń mú kí àwòrán hàn gaara lójú sikirínì. Kọ̀ǹpútà náà kò ní irú rẹ̀ rí. Mọ́nsúrù ní òun á fi sí i láàárọ̀ yẹn, kí ilé náà lè máa yí gẹ̀rẹ̀ lójú oníbàárà. Ẹni tó ti tú ẹ́ńjìnnì tírélà, kí ni ti àpótí kékeré?

Ó fi sukudiráfà ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti káàdì wọlé tipátipá, ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí. Iná tàn. Sikirínì ṣókùnkùn birimùbirimù.

Ó pa á, ó tún tàn án, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìgbà náà ló rántí pé kò tọ́jú ẹ̀dà pílánù yẹn síbì kankan. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú àpótí yìí nìkan ló wà. Òógùn bò ó. Ó pe Rosemary.

"Tíṣà, ẹ gbà mí o. Mo ti pa kọ̀ǹpútà!"

"Bàbá, ẹ rọra. Wáyà sikirínì ńkọ́, ibo lẹ fi sí?"

"Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni."

"Ara káàdì tuntun ló yẹ kó wà báyìí, sà."

Ó gbé e síbẹ̀. Òkùnkùn náà ni.

"Ẹ wo etí káàdì yẹn. Ṣé ojú ihò mẹ́fà kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò ki nǹkan kan bọ̀?"

Ó wà níbẹ̀. Mọ́nsúrù wá wáyà tó lè wọ̀ ọ́ ká gbogbo inú àpótí, kò rí.

"Há! Iná tí káàdì yẹn ń jẹ ju èyí tí kọ̀ǹpútà yín lè fún un lọ. Kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ dá wáyà sikirínì padà síbi tó wà. Ó máa wá."

Ó yọ ọ́. Ó dá wáyà padà. Kò wá.

"Tíṣà, kò wá o! Tíṣà?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó pè é títí, kò wọlé. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀yìn ń ta á bí abẹ́rẹ́. Ọkọ̀ kò ṣeé wà mọ́. Bí èyí náà bá tún bọ́, kí ló kù tí òun lè fọwọ́ ṣe láyé? Ó gbé orí lé àga, ó bú sẹ́kún.

Bẹ́ẹ̀ ni Mọ́láyọ̀ ṣe bá a, nítorí kò dúró kí aago méjì lù kó tó dé.

"Alhaji, kí ló dé?"

Kò rí irọ́ kankan pa. "Màdáámù, ẹ má bínú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ilé yín ṣì wà nínú ẹ̀."

Mọ́nsúrù ń retí èébú. Ṣùgbọ́n ńṣe ni Mọ́láyọ̀ sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti àpótí náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀.

"Ní wọ́ọ̀dù wa, bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ibi tí ọwọ́ kàn gbẹ̀yìn la kọ́kọ́ máa ń wò. Ibo ni ọwọ́ yín kàn?"

"Ibí yìí."

Iná tọ́ọ̀ṣì rìn díẹ̀, ó dúró. "Èyí ńkọ́? Orí rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ."

Ràámù ni, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà kò lè jí láìsí i. Ó ní láti jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ Mọ́nsúrù ló gbún un nígbà tó ń ti káàdì wọlé. Mọ́nsúrù yọ wáyà iná lára ògiri, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ó dún kẹ́. Ó dá iná padà, ó ní bísímílà, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì di ojú rẹ̀ pa.

"Ẹ lajú yín," Mọ́láyọ̀ wí.

Lẹ́tà funfun ti ń jáde lójú sikirínì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ilé náà tó ṣí tán, ó sì ń ta gìjàgìjà bí ó ṣe ń yí. Mọ́láyọ̀ wo pálọ̀, ó wo yàrá, ó dé kíṣìnì.

"Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀kùn yìí kọjú sí títì. Ṣé ẹ lè gbé e sẹ́yìn?"

"Mo lè gbé e, màdáámù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná."

Ó wá fíláàṣì tí wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí jáde, ó da pílánù náà sínú rẹ̀, ó tún ṣí i wò kó lè dá a lójú pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ilẹ̀kùn lọ sẹ́yìn ilé.