Bí Ará Póláǹdì Kan Ṣe Kọ́ Mi Láti Padà Sẹ́yìn

Ẹ̀rù máa ń bà mí kí n tó wọ pápá. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tá a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń sọ fún oníròyìn pé àwọn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́run. Èmi bẹ̀rù Ọlọ́run, mo sì tún bẹ̀rù gbogbo ẹni tó bá lè sáré jù mí lọ. Irú wọn pọ̀ ní Ìlọrin.

Ẹ̀yìn ni mo ń gbá, ní àárín gbùngbùn, iwájú gólì wa gan-an. Alhaji kan tó ń ta ọkà àti ẹ̀wà ní ọjà Ìpàtà ló ni kíláàbù náà, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní alága. Ó ní kí wọ́n tẹ àwòrán òun sí àyà ẹ̀wù wa. Bí mo bá ṣubú dojú bolẹ̀, alága ló kọ́kọ́ ń jẹ eruku, èmi a tẹ̀ lé e.

Mo ka ìmọ̀ ìṣèlú ní yunifásítì kí n tó di agbábọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kì í ṣe oríkì o. Bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá, ẹnìkan á pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ìyẹn ò sí nínú ìwé ni?”

Mo lè fara da ẹ̀fẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí wọ́n ṣe sí ẹni tó wà nípò mi kí n tó dé. Ọ̀gbẹ́ni náà ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù wọ gólì tiwa, a sì pàdánù. Wọ́n lé e láti pápá títí wọ àwọn kọ̀rọ̀ àdúgbò Gàmbàrí, wọ́n fọ́ ọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Inú lọ́rì tó já iṣu sílẹ̀ ní Ìpàtà, tó ń padà sóko, ló sá wọ̀ jáde nílùú. Àwọn tó sì ṣe é kì í ṣe ọ̀tá. Alátìlẹ́yìn wa ni wọ́n.

Lọ́jọ́ tí alága kéde pé òun ń mú kóòṣì bọ̀ láti Yúróòpù, gbogbo wa rò pé ẹni tá a ti rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni. Ará Póláǹdì kan ló dé, ó ga, ó pá lórí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Alága pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, gólì mélòó lọkùnrin yìí gbá wọlé láyé rẹ̀?”

“Alhaji, ẹ̀yìn ló gbá. Kì í sáàbà gbá a wọlé.”

“Kí ló wá ń ṣe?”

“Ó ń dí ọ̀nà ni.”

Ojú alága rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tó ra àgbò tó wá rí i pé abo ni.

Ohun tí kóòṣì kọ́ wa kò sòro láti sọ. Bí ẹni tó ni bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, má bẹ́ lù ú. Fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí i, tẹ orúnkún, wo bọ́ọ̀lù, má wo ojú rẹ̀, kí o sì máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Jẹ́ kí ó máa ronú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ́ ló pàdánù. Ó mú mi ṣe é lábẹ́ oòrùn títí itan mi fi ń gbọ̀n, ó ń rìn tẹ̀ lé mi, ó ń sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀: “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tá a jọ jókòó sórí kúlà omi, mo bi í bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kó yé mi. Ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú ni wọ́n bí i sí, abẹ́ ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀lù ló mú un kúrò níbẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó san, kíláàbù tó tóbi ju tirẹ̀ lọ rà á. Nígbà tó yá, wọ́n pè é sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré.

“Lọ́jọ́ yẹn, ó sú mi kí n máa bẹ̀rù,” ló wí. “Sítíráíkà ń bọ̀, mo ní kí n ṣe akin. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ́ lù ú. Ó yẹ̀ mí bí ẹni ń yẹ kòtò, ó gbá a wọlé.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Wọ́n kọ nǹkan sára ògiri ilé ìyá mi.”

“Kí ni wọ́n kọ?”

“Orúkọ mi.”

“Orúkọ yín nìkan?”

“Ó tó.”

Ó mu omi díẹ̀. Ó ní láti ìgbà náà lòun ò ti lé ẹ̀rù lọ mọ́, òun sì gbá bọ́ọ̀lù títí orúnkún òun fi kọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò tù mí nínú. Kò tù mí. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé kọ̀rọ̀ Gàmbàrí nìkan ni wọ́n ti ń lé ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn.

Ìdíje tó kẹ́yìn sáà wá dé. Bí a bá ta ọ̀mì, a ó dúró nínú líìgì. Bí a bá pàdánù, a já wálẹ̀, gbogbo ìlú sì ti mọ ẹni tí wọ́n máa bi léèrè. Mẹkáníìkì kan ní àdúgbò mi dá mi dúró láàárọ̀.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, à ń bọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí wọ́n gbá a wọlé, ẹ má da ara yín láàmú láti wálé. Àwa la máa wá yín wá.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣebí wọ́n ń wá olùkọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì yẹn.”

A ti ń wọ bàtà nígbà tí alága mú àfáà kan wọlé. Àfáà gbé hàǹtú dání nínú ìgò, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà. Ó ní kí olúkúlùkù fi pa ẹsẹ̀.

“Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan,” àfáà wí. “Ẹsẹ̀ tí omi yìí bá ti kàn kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn títí eré á fi parí. Iwájú ni, iwájú náà ni.”

“Àmín!” alága ké, kò sẹ́ni tó bi í pé àdúrà wo ló ń dáhùn.

Gólí wa nawọ́. “Àfáà, èmi ńkọ́? Tí mo bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láti ilẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn.”

Àfáà ronú. “Ti gólí yàtọ̀.”

“Àwa tá à ń gbá ẹ̀yìn ńkọ́?” èmi náà bèèrè.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” alága dá mi lóhùn, “má mú gírámà wá síbí o, wàláhì.”

Kóòṣì fọwọ́ kàn mí léjìká pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wo ìgò náà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ṣe àmì àgbélébùú sí àyà tirẹ̀, ó sì jáde. Ní yunifásítì, bá a bá jókòó tá a ń ṣàríyànjiyàn, kò sí irú nǹkan báyìí tí mi ò fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, mo da omi náà sí orúnkún, mo dà á sí itan, díẹ̀ kù, mo fi pa ọrùn.

Títí eré fi fẹ́ẹ̀ parí, kò sẹ́ni tó gbá a wọlé. Ni àwa náà bá rí kọ́nà gbà. Gbogbo ẹgbẹ́ wa lọ síwájú gólì wọn, èmi àti gólí nìkan ló kù lẹ́yìn. Wọ́n lé bọ́ọ̀lù náà jáde, ó balẹ̀ sí ẹsẹ̀ sítíráíkà wọn, ọmọkùnrin kan tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Mo ń wo ọ̀nà àwọn èèyàn wa kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n dúró! Òfin àfáà ti dé etí gbogbo wọn, wọ́n ń wo ara wọn bóyá kí èèyàn yíjú kó sáré lọ sídìí gólì wa jẹ́ ìpadàsẹ́yìn tàbí kò jẹ́ ẹ. Ìlú àwọn onímọ̀ ni Ìlọrin, àkókò yẹn gan-an ni wọ́n rí ṣe ìtúmọ̀ òfin.

Ó ku èmi àti ọmọkùnrin náà. Mo tẹ orúnkún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn.

“Má padà!” Ohùn alága ni. “Má padà, ìwọ aláìgbọ́ràn!”

“Ojo! Bẹ́ lù ú!”

“Ó ń sá lọ! Ẹ wò ó, ó ń sá lọ sílé ìyá rẹ̀!”

Ọmọkùnrin náà fi bọ́ọ̀lù hàn mí bí ẹni ń fi ẹran han ajá. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá gbà á.” Gbogbo ara mi ló fẹ́ bẹ́, kí ọ̀ràn náà ṣáà parí, ibi tó bá fẹ́ kó parí sí. Mo bẹ̀rù bọ́ọ̀lù, mo bẹ̀rù àwọn tó ń pariwo, mo sì bẹ̀rù omi tó ti gbẹ sí mi lára. Mo ṣáà ń padà. Ẹsẹ̀ mi kan ìlà funfun tó wà níwájú gólì wa, òkúta kan fò kọjá létí mi. Kò tíì gbá a wọlé o, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọmọkùnrin náà, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹnìkan nínú tiwa ti túmọ̀ òfin tán, ó ń sáré bọ̀. Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó kánjú, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù bà mí ní itan, ó yí lọ sọ́dọ̀ gólí wa, gólí sì fi gbogbo ara bò ó bí ìyá tó bo ọmọ. Rẹfirí fọn fèrè. Ọ̀mì.

Ni àwọn alátìlẹ́yìn wa bá ya wọ pápá. Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ wá bá mi, mo sá. Ní tòótọ́ ni mo sá, mo gba ẹ̀yìn gólì, mo ń wá ibi tí wáyà ọgbà ti ya. Wọ́n ká mi mọ́, wọ́n gbé mi sókè.

“Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!”

“Ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀ o! Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé!”

Nísàlẹ̀, àfáà ń ṣàlàyé fún àwọn kan pé mi ò padà sẹ́yìn, pé ńṣe ni mò ń fa ọ̀tá wọnú àkámọ́. Alága ti rí ẹni tó gbé fóònù sí i lẹ́nu, ó ń sọ pé ẹgbẹ́ tòun ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù. Kóòṣì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé orí sáàárín ọwọ́ méjèèjì. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń sunkún ni tàbí orúnkún ló ń dùn ún.

Ọkùnrin tí mo jókòó lé léjìká gbójú sókè wò mí. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ti rí i bí mo ṣe di fìlà rẹ̀ mú ṣinṣin.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre,” ó wí pẹ̀lú ìfẹ́. “Ó di sáà tó ń bọ̀ ká tó tún wá yín wá.”