Orúkọ Tí Ìyálé Mi Fi Ọjọ́ Méjì Gbà

"Baba, ẹ wá jẹun o!" Báyìí ni ìyálé mi ṣe máa ń pe ọmọ ọdún mẹ́ta, tí gbogbo Ìbẹ́ṣe á gbọ́. Ọdún tí GSM dé ni bàbá ọkọ wa kú, àwa méjèèjì sì wà nínú oyún. Ó fi ọjọ́ méjì péré ṣáájú mi bí ọkùnrin, ni Babátúndé bá di tirẹ̀. Wọ́n sọ tèmi ní Olúṣẹ́gun. Ta ni mo ṣẹ́gun? Orí ẹja tí bàbá fẹ́ràn, àwo Baba ni ìyá ọkọ wa ń bù ú sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé dá, mo rọra pe ọmọ mi: "Baba, ẹ wá jẹun."

Ó wẹ̀yìn wò. "Mọ́mì, Baba ò sí nílé."