Wáìnì Tí Ọmọ Mi Tu Dànù

“Mọ́mì, ẹ lè wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i pé n kò jẹ nǹkan, tàbí pé n kò mu nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀.”

Ìkìlọ̀ tí ọmọ mi obìnrin fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, nígbà tó ń pè mí wá jẹun ní Decatur, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó ní ilé ìdáná mi ní Lawrenceville, ojú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí bí ẹni pé àná ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mo ti kà á fún un. Ó ní kò burú, kí n ṣá má fi orúkọ òun sí i.

Adẹ́mu ni bàbá mi. Fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò rí adẹ́mu rí: kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni bàbá mi ti máa ń fi igbà kọ́ èjìká, tí yóò gba ọ̀nà oko lọ. Igbà ni okùn líle tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Bí oòrùn bá ti ń mú, yóò ti dé pẹ̀lú agbè ẹmu, tí ẹmu ń hó lẹ́nu agbè bí ọṣẹ, tí àwọn oyin sì ń tẹ̀ lé e bí ọmọlẹ́yìn. Òórùn rẹ̀ dùn, ó kan díẹ̀, ó sì jọ ti ewé tútù. Abẹ́ igi ọdán iwájú ilé wa ni ìyá mi ti ń tà á.

Bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ bu ẹmu sínú ahá, igbá kékeré tí a fi ń mu ún, yóò sì mu ún tán lójú gbogbo èèyàn kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bu fún oníbàárà. Bí ẹnìkan bá gba ahá, tó mu, tó sì tu ú dànù, ohun tó ń sọ kò ju méjì lọ: olómi ni ẹmu yìí, tàbí olóró ni. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Àlejò kan tó wá ra igi gẹdú tu ẹmu bàbá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi ká igbà rẹ̀, ó wọlé, kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ilé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí ní “Ọmọ Olómi”. Bí mo bá fẹ́ bu omi mu, wọ́n á ní kí n má bu gbogbo rẹ̀ lọ fún bàbá mi. Mo lè rẹ́rìn-ín sí i báyìí. N kò lè rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà.

Ohun tó wà lára mi nìyẹn lọ́jọ́ tí a lọ sí ọgbà àjàrà. Ìyá ọkọ ọmọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mama McDonough nítorí pé ìlú tó ń jẹ́ McDonough ló ń gbé, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kúnlé, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ọmọ mi, ní òun fẹ́ gbé wa lọ sí àwọn òkè tó wà ní àríwá Atlanta, kí a máa tọ́ wáìnì wò láti ọgbà dé ọgbà. Òun ló wa ọkọ̀. Èmi kó omi, mo kó bisikíìtì, mo kó oògùn inú rírun, mo sì ń sọ fún Kúnlé ní gbogbo kọ́nà pé kó rọra.

Mama McDonough ní, “Ìyàwó mi, ṣé bí ìyá ẹ ṣe máa ń ṣe nìyí?”

Ọmọ mi ní, “Ẹ ò tíì rí nǹkan, Ma.”

Ní ọgbà kejì, obìnrin òyìnbó arúgbó kan ló bu wáìnì fún wa. Ó ní òun àti ọkọ òun ló gbin àjàrà náà. Àwọ̀ àjàrà ti wọ inú èékánná rẹ̀. Bí mo ṣe gbé ife súnmọ́ imú, òórùn kíkan kan jáde láti inú àwọn àgbá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí agbè bàbá mi kedere. Korobá kékeré kan wà lórí tábìlì. Ọmọ mi gba wáìnì sẹ́nu, ó yí i ká lẹ́nu, ó sì tu ú sínú korobá náà.

Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ó tún tu èkejì. Mo sọ fún un lábẹ́lẹ̀ pé kó gbé e mì. Ó ní ohun tí korobá wà fún nìyẹn, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà ni mò ń wò, bàbá mi ni mo sì ń rí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kó má bínú, pé kì í ṣe bí mo ṣe tọ́ ọmọ mi nìyẹn. Ẹnu yà á. Ó ní kò sí wàhálà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tu ú. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. N kò dákẹ́. Mo gbé ife kẹta, mo fi lé ọmọ mi lọ́wọ́.

“Gbé e mì lójú mi. Èèyàn ló ṣe é.”

“Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀.”

Mama McDonough dá sí i, eré ló ń ṣe. “Ìyàwó mi, mu ún jàre, nítorí tèmi. Àbí ọtí mi korò?”

Ọmọ mi wo Kúnlé. Kúnlé wo ilẹ̀. Ọmọ mi gbé ife náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Mi ò lè mu ún. Mo lóyún.”

Mama McDonough bú sórin ọpẹ́ níbẹ̀. Kí a tó délé, ìròyìn náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹbí ní Ìbàdàn, ó sì ti dé WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì. N kò lè dá a lẹ́bi, ayọ̀ ló ń ṣe é. Ọmọ mi kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ títí a fi délé. Nígbà tó yá ló sọ fún mi pé òun àti Kúnlé ti pinnu láti má sọ fún ẹnikẹ́ni títí oyún yóò fi dúró dáadáa, pé kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ni òun ṣe ń ṣe bí ẹni ń tọ́ wáìnì wò.

Oyún náà kò dúró. Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló mú un wálẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wa yọ̀ ni a ní láti sọ fún. Èmi ni mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, mo gbàgbé ẹnìkan. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, níbi tí à ń gbé ọkọ̀ sí, Aunty kan sáré wá bá ọmọ mi pẹ̀lú àpò aṣọ ọmọ tuntun, ó fọwọ́ lé e níkùn, ó ní, “Báwo ni ọmọ wa?” Ọmọ mi gba àpò náà. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Ma.” Èmi dúró síbẹ̀, n kò mọ ibi tí n ó gbé ojú mi sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rántí nǹkan mìíràn lábẹ́ igi ọdán yẹn. Nígbà mìíràn, ahá á kan ìyàwó kékeré kan nínú agbo ilé, yóò gbé e kan ètè, kò ní mu ún. Ìyá mi kò ní wo ojú rẹ̀. Yóò kàn na ọwọ́, yóò ní, “Gbé e wá, ọ̀fun mi ti gbẹ láti àárọ̀,” yóò mu ún tán, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ ata tó wọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè. Bó bá pẹ́, ikùn á sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá sì sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí a ní láti ṣàlàyé fún. Àwa ọmọdé rò pé ìyá wa fẹ́ràn ẹmu jù ni. A tiẹ̀ máa ń pè é ní Ìyá Ọlọ́fun-gbígbẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Èèyàn lè tu ọtí dànù lójú ẹni tó ṣe é, kó má sì jẹ́ èébú. Ìròyìn tó máa ń gba oṣù mélòó kan láyé àtijọ́ kó tó dé abúlé kejì ń dé Ìbàdàn kí ọkọ̀ tó dúró. Ṣùgbọ́n obìnrin tí nǹkan wà lára rẹ̀ tí kò tíì fẹ́ sọ, bákan náà ló rí. Ìtìjú bàbá mi ni mo gbé wọ Amẹ́ríkà. Ọwọ́ tí ìyá mi ń nà gba ahá ni mo fi sílẹ̀ nílé.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, bí ọmọ yín obìnrin bá kọ ohun tí a gbé fún un láàárín èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá.