Ọjọ́ Tí Oyin Gba Bọ́ọ̀sì Wa

Ṣíìfù àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nílé iṣẹ́ ọṣẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbára. A sáré jáde ká lè rí ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí Joju, àfi bí a ṣe rí oyin tó ṣù mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ rẹpẹtẹ. Bùràímọ̀, dírẹ́bà wa, ti gbé kẹrosíìnì dé.

"Ẹ sún sẹ́yìn! Mo máa dáná sun wọ́n!"

"Bọ̀dá Bùràímọ̀, ṣé oyin lẹ fẹ́ sun ni, àbí bọ́ọ̀sì?" ni mo bi í.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oyin tí iná bá kàn kì í mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, aboyún sì wà láàárín wa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù, mo sì pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin lórí fóònù, tí a ń pè ní Bàbá Àtàn. Àtàn-Ọ̀tà ni wọ́n ń gbé, oyin tí wọ́n ń wá nínú igbó ni wọ́n sì fi tọ́ ọmọ.

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o," ni wọ́n wí. "Ilé ni wọ́n ń wá. Mò ń bọ̀."

Ọ̀kadà gbé wọn dé pẹ̀lú agbọ̀n tí wọ́n fi ìda oyin pa nínú. Wọ́n kí wa, wọ́n sì kí oyin náà.

"Bàbá, ṣé wọ́n á dáhùn?" Bùràímọ̀ béèrè.

"Wọ́n ń dáhùn. Ìwọ ni o ò dákẹ́."

Bàbá fẹ́ èéfín díẹ̀ sí oyin náà. Èmi ni mo di agbọ̀n mú, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ ibẹ̀. "Ìyá wọn là ń wá," ni Bàbá sọ fún mi jẹ́ẹ́. "Tó bá ti wọlé, àwọn yòókù á tẹ̀lé e. Má mí sí wọn lára." Oyin ń rìn lórí ìka mi, ara wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú agbọ̀n wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Bùràímọ̀ nìkan ni wọ́n ta, torí pé ó ń ju fìlà kiri. Síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ béèrè oyin lílá.

"Wọn ò tíì rílé gbé," Bàbá dáhùn, "o ti fẹ́ jẹ oúnjẹ wọn!"

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi, Àtàn ni mò ń lọ. Mo rò pé oyin ni màá kọ́. Àṣé ìwà ni. A kì í kó afárá tán, a kì í fọwọ́ kan èyí tí ọmọ wọn wà nínú rẹ̀, a kì í sì í fi iná sílẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ gé ẹ̀ka tó dí ihò igi kan tí oyin ń gbé. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

"Òun ló ń ṣíji bò wọ́n. Tó o bá gé e, níbo ni wàá ti bá wọn lọ́dún tó ń bọ̀?"

Mo ti fi iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà kí n dá wọ igbó; àwọn ló máa ń ṣíwájú. Láìpẹ́ yìí, mo gbé abọ́ oyin wá bá wọn nídìí igi tí wọ́n jókòó sí.

"Èyí tó o fi sílẹ̀ fún wọn ńkọ́?"

"Ó ju èyí lọ, Bàbá."

Wọ́n tọ́ ọ lá, wọ́n sì rọra dìde.

"Ó yá, máa lọ níwájú. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."